Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Ìró Pẹ̀lẹ́ Mú Ara Àwọn Ọmọ Kéékèèké Balẹ̀ Nínú Kíláàsì

Tí agogo bá ti lù pé eré ti tán, tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń rọ́ wọlé pẹ̀lú òógùn lójú, ọkàn wọn ṣì wà ní pápá. Ẹni yìí ń ròyìn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá, ẹni yẹn ń sunkún pé wọ́n ti òun ṣubú, ẹlòmíì ń wá pẹ́ńsùlù rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ máa ń ṣe ni pé ká la ẹgba mọ́ tábìlì, ká pariwo pé "Ẹ dákẹ́!" Wọn á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ariwo á fi tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Àyà rẹ̀ ṣì ń já, ẹgba ló ń wò, kò rí ohun tó wà lójú pátákó.

Àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà ilé-ìwé wọn ní iná tàbí kò ní. Ẹ má gbé orin sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó lè bo ariwo àwọn ọmọ. Ẹ ya àkókò kúkúrú kan sọ́tọ̀, kí ìró kan náà máa wá ní àkókò náà lójoojúmọ́, títí ara ọmọ yóò fi mọ̀ pé tí òun bá ti gbọ́ eléyìí, àsìkò ìfarabalẹ̀ ti tó. Owó kọ́ ni ohun tó gbà, bí kò ṣe pé kó máa rí bákan náà nígbà gbogbo.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí yàrá náà

Kí ẹ tó mú ìró kankan wọlé, ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, lẹ́yìn náà sórí ti ẹ̀yìn, nígbà tí àwọn ọmọ wà níta ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ṣì ń lọ nínú ọgbà ilé-ìwé. Kí lẹ ń gbọ́? Ẹ̀rọ ìlọta ará àdúgbò, jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà tó ń kọjá, kíláàsì kejì tó ń ké ìsodipúpọ̀ lẹ́yìn ògiri tí kò kan òrùlé. Lọ́dún 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ariwo tó wà nínú kíláàsì nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ má ju decibel 35 lọ (decibel ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìró ṣe dún tó). Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìró ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ kíláàsì wa tí wọ́n fi páànù bò, tí fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì, kò lè dé ibẹ̀, pàápàá lásìkò òjò.

Ẹ ṣe èyí tí agbára yín ká. Ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ fún ìwọ̀nba àkókò náà. Ẹ sún àwọn ọmọ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn wọ inú díẹ̀. Ẹ gba àwọn sílípáàsì tó ti já jọ, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ kàn án mọ́ ìdí ẹsẹ̀ àga àti bẹ́ǹṣì kí wọ́n má baà máa ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má náni ní nǹkan kan, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tó ń mú wá ń ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu.

Àkókò mẹ́ta ló dára jù: lẹ́yìn eré ọ̀sán, ṣáájú iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ bí ìṣirò, àti ṣáájú kí wọ́n tó relé. Ẹ mú ẹyọ kan péré bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi, ti lẹ́yìn eré ni n óò mú, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti nílò rẹ̀ jù.

Ohùn yín ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, oníṣègùn etí kan ní ilẹ̀ Faransé, Étienne Lombard, ṣàlàyé ohun kan tí ìyá ọlọ́jà èyíkéyìí lè jẹ́rìí sí: bí ariwo bá ti pọ̀ yí èèyàn ká, láìmọ̀ ni yóò gbé ohùn tirẹ̀ sókè. Ẹ fi ojú inú wo ogójì ọmọ nínú yàrá kan. Ẹnì kan gbé ohùn sókè kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ gbé tirẹ̀ sókè láti dá a lóhùn, olùkọ́ gbé tirẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ. Nígbà tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ohùn olùkọ́ ti ha. Ariwo yìí kò ní rọlẹ̀ àfi tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, olùkọ́ ló sì yẹ kó jẹ́ ẹni náà. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn rí létí ọmọdé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni ìpè àlọ́, torí ọmọ tó mọ àlọ́ kò nílò kí a kọ́ ọ. Ẹ dúró síbì kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ pe "Àlọ́ o!" bí a ṣe máa ń pè é gan-an. Wọn á dáhùn, "Àlọ̀!" Ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un pè pẹ̀lú ìdajì ohùn àkọ́kọ́. Ìdáhùn wọn náà á rọlẹ̀. Ẹ pè é nígbà kẹta bí ẹni ń sọ àṣírí. Ní báyìí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ogójì ọmọ ń dáhùn, ẹ ò sì tíì sọ pé kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Ẹ má ṣe tan ọmọ jẹ o. Ẹni tó bá pe àlọ́ ti jẹ gbèsè àlọ́. Bí àkókò kò bá tilẹ̀ gbà ju àlọ́ àpamọ̀ kan lọ, ẹ pa á fún wọn kí ọjọ́ náà tó parí, torí tí ẹ bá ń pè é lásán, láìpẹ́ wọn ò ní dáhùn mọ́.

Irú ìró wo ló yẹ?

Ìró tó ń mú ara balẹ̀ kì í yí padà lójijì. Kì í ga fíofío, kì í sáré, kò sì ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ yóò fẹ́ bá a kọ. Tó bá jẹ́ orin, ẹ wá èyí tí ìlù rẹ̀ ń lọ ní nǹkan bí 60 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo aago ọwọ́ yín: bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá ń bá ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá rìn, 60 nìyẹn.

Agídìgbo dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó parẹ́. Fèrè tí wọ́n rọra fọn náà dára, bẹ́ẹ̀ ni kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ máa kùn ún lábẹ́nu láìla ẹnu, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Gángan àti bàtá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ ijó. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ gángan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dáhùn; tí ẹsẹ̀ kò bá sì dáhùn, ọpọlọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ìlù náà ń wí. Méjèèjì kò jọ ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gba ìfarabalẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kristẹni àti ọmọ onísẹ̀ṣe lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àjà, fún àpẹẹrẹ, ìró rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n ohun ìpè òrìṣà ni, òbí kan lè béèrè ohun tí ẹ ń fi ọmọ rẹ̀ pè. Orin ìyìn náà lè fa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí mìíràn. Ẹ mú ìró tí kò jẹ́ ti ẹ̀sìn kankan, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ ọ fúnra wọn níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ kí àwọn ọmọ tó ròyìn rẹ̀ délé lódìlódì.

Ìró òjò àti omi ṣíṣàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá tọ̀ lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ìtọ̀ gbọ̀n ọmọ kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ilé ìtọ̀ ṣáájú. Ẹ sì rántí ibi tí ẹ wà. Ọmọ tí àgbàrá ti wọ ilé wọn rí kò ní gbọ́ ìtura nínú ìró òjò. Bí ẹ bá rí i tí ojú ẹnì kan yí padà, ẹ wá ìró mìíràn.

Irinṣẹ́ tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe

Ọ̀pá tó ń dún bí òjò ni a fẹ́ ṣe. Ẹ lọ bá oníṣòwò aṣọ, ẹ tọrọ páálí gbọọrọ róbótó tí wọ́n ń ká aṣọ mọ́. Ẹ gé e kó gùn tó apá àgbàlagbà. Ẹ wá ìṣó kéékèèké tí gígùn rẹ̀ kò tó fífẹ̀ inú páálí náà, kí ẹnu rẹ̀ má baà yọ sí òdì kejì, kí ẹ sì kàn wọ́n wọnú páálí yípo-yípo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìṣó bá ti pọ̀ tó ni ìró náà ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ fi páálí pẹlẹbẹ àti sẹ́lótéèpù dí ojú kan pa. Ẹ da ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ẹ fi ọwọ́ bo ojú kejì, kí ẹ rọra dà á délẹ̀ kí ẹ sì gbọ́. Ọkà bàbà náà dára. Ẹ̀wà máa ń pariwo jù. Bí ìró náà bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dí ojú kejì pa, kí ẹ fi àjákù àǹkárá àti gọ́ọ̀mù wé gbogbo ara rẹ̀ kí orí ìṣó má baà ha ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Olùkọ́ ni kó máa mú un dání fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Tí páálí bá ya, tí ìrẹsì tú jáde, ọmọ ọdún mẹ́ta lè ki í bọ imú tàbí etí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní títẹ̀léra

Ẹ ṣe é báyìí fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìpè: àlọ́ alẹ́nu-mẹ́ta tí mo sọ lókè, tàbí agogo kékeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ agogo lẹ yàn, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fetí sí ìró rẹ̀ títí yóò fi tán pátápátá, kí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ mọ́ nawọ́ sókè. Ọwọ́ á máa lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá á sì máa dákẹ́ bí wọ́n ti ń dù láti jẹ́ ẹni tó gbọ́ ọ pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà, èémí. Nígbà tí a bá ń mí sínú, ọkàn máa ń lù yára díẹ̀. Nígbà tí a bá ń mí síta, á rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí mímí síta fi gbọ́dọ̀ pẹ́ ju mímí sínú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè máa ka ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ẹ sọ fún wọn pé àkàrà gbígbóná wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóná jù, kí wọ́n rọra fẹ́ ẹ kó tutù, kó má sì fò lọ. Ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Ní ìkẹta, ìró náà fúnra rẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí méjì. Kí wọ́n gbé orí lé tábìlì tàbí kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, bó bá ṣe tẹ́ kálukú lọ́rùn. Ẹ má rìn káàkiri. Ẹ má ṣe máàkì ìwé. Tí olùkọ́ kò bá fara balẹ̀, àwọn ọmọ á mọ̀.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí ìró náà kéré sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gé e lójijì. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi sọ ohun tó kàn: "Ẹ mú ìwé ìṣirò yín." Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Wọ́n á fara balẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n á jágbe pé "Ó yá, ó yá, ìwé dà?" Gbogbo rẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà.

Òjò tí a fi ọwọ́ rọ̀

Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba Nàìjíríà ní kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọmọ 35, ṣùgbọ́n kíláàsì ìjọba tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kò ṣọ̀wọ́n. Fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, eré yìí ló dára jù lọ, torí bí wọ́n bá ti pọ̀ tó ni ó ṣe máa dùn tó. Kò gba irinṣẹ́ kankan.

Ẹ sọ fún wọn pé òjò ń bọ̀, pé ọwọ́ yín ni wọ́n máa wò, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn: afẹ́fẹ́ nìyẹn. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti ń ṣe é, ẹ fi ìka kan lu àtẹ́lẹwọ́: òjò ti ń kán. Ẹ fi kún un di ìka méjì, di ìka mẹ́rin. Ẹ wá fi ọwọ́ lu itan: òjò ti rọ̀ dé. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ dáadáa, kí wọ́n lo agbára tí wọ́n gbé bọ̀ láti pápá. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn bí ẹ ṣe wá: itan, ìka mẹ́rin, ìka méjì, ìka kan, afẹ́fẹ́, kí ọwọ́ tó dúró. Ẹ lo ìlọ́po méjì àkókò tí ẹ fi gòkè láti fi sọ̀ kalẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò kọ́kọ́ béèrè ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ibi tí ọmọ wà ló ti pàdé rẹ̀, tó sì mú un bọ̀ wálẹ̀.

Bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fún ọ̀kan nínú wọn láàyè láti darí rẹ̀. Ẹ yan onírọ̀ọ́kẹ̀kẹ̀ kíláàsì, kì í ṣe ọmọ tó máa ń dákẹ́ ṣáá.

Tí ẹ bá fẹ́ lo fóònù

Ẹ ti wa ìró náà sórí fóònù láti ilé; ẹ má gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì lójú àwọn ọmọ, torí ìpolówó ọjà lè já lù ú láàárín. Ẹ fetí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ìró igbó tó dákẹ́ rọ́rọ́ lè ní ààrá tó sán lójijì níparí. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kí ìpè má baà wọlé. Ẹ gbé sípíkà sí igun yàrá, kó kọjú sí ògiri, kó má kọjú sí etí ọmọ kankan.

Ní ti bí ó ṣe yẹ kó dún tó, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka decibel 75 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ sí òpin ohun tí etí ọmọdé lè fara dà láìséwu nínú gbígbọ́ orin. Ìró ìtura kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ dúró sí àárín kíláàsì, kí ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tí kò bá gbọ́ yín, ẹ dín in kù.

Nígbà tó bá ti mọ́ wọn lára

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá gbìyànjú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fúnra rẹ̀. Maria Montessori, dókítà ọmọ Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù lọ́dún 1907, ní eré kan tó dá lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ á dákẹ́ títí wọ́n á fi máa gbọ́ àwọn ìró tí wọn kì í kà sí. Olùkọ́ á wá bọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ á dìde láìpariwo, á yọ́ rìn lọ bá a. Ẹ pe gbogbo wọn, ẹ má fo ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí a kò pe orúkọ rẹ̀ kò ní gbàgbé. Bí kíláàsì bá pọ̀, ẹ pe ọ̀wọ́ kan lónìí, ọ̀wọ́ mìíràn lọ́la, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ọmọ tí kò gbà á

Ẹ má fi dandan lé e pé kí ọmọ di ojú. Ọmọ tí nǹkan ti dẹ́rù bà rí lè fẹ́ máa rí ibi tó wà. Kí ó wo ilẹ̀ tàbí ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń fi ọwọ́ di etí lemọ́lemọ́, ó lè jẹ́ pé ìró tí ẹlòmíràn kà sí pẹ̀lẹ́ ń dun òun. Ẹ mú un jìnnà sí sípíkà, kí ẹ sì bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tó máa ń sọ pé "Ẹ wí kí ni, Áńtì?" nígbà gbogbo, ẹ gba òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ọsibítù. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà lè kópa: kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí agídìgbo tàbí tábìlì tí ìró ń gbà kọjá, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Ọmọ tó bá sùn lọ, ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀. Tó bá ń sùn lójoojúmọ́, oorun alẹ́ rẹ̀ tàbí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ béèrè.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ lò ó dé

Ẹ má fi ìró ìtura jẹ ọmọ níyà. Ìgbà tí ẹ bá ti sọ pé "Nítorí ariwo yín, ẹ gbé orí kalẹ̀," ẹ ti sọ ọ́ di ẹgba. Ẹ má sì jẹ́ kó máa dún nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Àgbàlagbà lè ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìró mìíràn. Agbára yẹn ṣì ń dàgbà nínú ọmọ kékeré, ohun tó dùn létí yín lè máa bo kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀ létí rẹ̀.

Ẹ má ṣèlérí fún òbí pé yóò sọ ọmọ di ọlọ́pọlọ pípé. Ìwádìí tí wọ́n sábà ń tọ́ka sí nípa orin Mozart, olórin ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́, èyí tó jáde lọ́dún 1993, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n fi ṣe é, àǹfààní tí wọ́n rí nínú ìdánwò kan kò sì pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ohun tí ẹ lè sọ fún wọn ni ohun tí ẹ fojú ara yín rí: bó ṣe ń pẹ́ tó kí ọmọ wọn tó mú ìwé lẹ́yìn eré nísinsìnyí, àti bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan.

Ẹ kọ ìlànà ìṣẹ́jú mẹ́ta náà sínú ìwé yẹn pẹ̀lú, ní títẹ̀léra, pẹ̀lú orúkọ ìró tí ẹ ń lò àti orúkọ àwọn ọmọ tí kò fẹ́ di ojú tàbí tí ìró ń dà láàmú. Ẹ fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yín, kí olùkọ́ tó bá bá yín di kíláàsì mú lọ́jọ́ tí ara yín kò bá yá lè ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é.